Bí Líìgì Bá Dákẹ́, Níbo Ni Súpọ́tà Ń Lọ?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn aláṣẹ eré ìdárayá kì í fẹ́ dáhùn: bí sáà kan bá dàrú, tí wọ́n dá a dúró láàárín, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá, ṣé àwọn tó fẹ́ràn eré náà máa ń padà wá? Ní Amẹ́ríkà, bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n fi rí ìdáhùn rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì kan gbogbo ayé. Ní orílẹ̀-èdè Benin, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ débi pé bí ẹ bá dé Bassila tàbí Manigri, tí ẹ ní líìgì ti dúró, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹnì kan bá bi yín pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Kí n má fi èrò mi pamọ́: ìdádúró kì í pa ìfẹ́ bọ́ọ̀lù. Ibùgbé ìfẹ́ náà ló ń yí padà. Bí súpọ́tà bá mọ ohun tó dá eré dúró, tí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí yóò padà fún un, yóò dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìjà àga àti ìjà owó ló dé, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá ọjọ́, yóò wá ibòmíràn tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, yóò sì bá wọn jókòó síbẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti jókòó tán, ó ṣòro láti gbé e dìde.

Bassila ni olú ìlú kọmúùnù tó wà ní gúúsù ẹ̀ka Donga, lójú ọ̀nà tó gba Savalou àti Bantè lọ sí Djougou. Manigri wà nínú kọmúùnù náà, pẹ̀lú Alédjo-Koura àti Pénéssoulou. Anii ni èdè àwọn ará Bassila. Àwọn ará Manigri ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá tí àwọn onímọ̀ èdè máa ń so pọ̀ mọ́ ti Kambolé lódìkejì ààlà, ní Tógò. Kotokoli wà níbẹ̀, Fúlàní wà níbẹ̀. Kajú àti iṣu ló ń mówó wọlé. Bí ọmọ ibẹ̀ bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹgbẹ́ tó lórúkọ, Djougou ni yóò kọjú sí, níbi tí Panthères wà, tàbí kó lọ sí Parakou, níbi tí Buffles wà. Kò sí èyí tí ẹsẹ̀ lè gbéni dé nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń gbé Kútọnu, tó dé ẹnu ọ̀nà pápá tó gbọ́ pé wọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́, yóò yí alùpùpù rẹ̀ padà sílé. Ẹni tó ti Manigri wá ti san owó ọkọ̀ àlọ, ó ti fi oko sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, bóyá ní àsìkò kajú gan-an, yóò sì tún san owó àbọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò máa wádìí kó tó gbéra. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní wádìí mọ́. Nítorí náà, lẹ́yìn sáà tó dàrú, àwọn tó jìnnà ló ń kọ́kọ́ pòórá láàárín èrò, kò sì sẹ́ni tó ń fura, torí wọn kì í pariwo kí wọ́n tó lọ. Àwọn ará ìlú ńlá ló ń kọ ìwé ẹ̀hónú, tí wọ́n ń lọ sórí rédíò. Ará oko kàn ń dákẹ́ ni.

Ẹ wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ńlá Benin ayé àtijọ́: Dragons de l'Ouémé, Requins de l'Atlantique, Buffles du Borgou, Lions de l'Atacora. Ẹranko kan, ẹkùn ilẹ̀ kan. Líìgì kò wáyé láti 1975 sí 1977, nígbà ìjọba Kérékou, ẹni tó gba agbára ní 1972. Nígbà tó padà ní 1978, Dragons ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló gba ife, wọ́n tún gbà á ní 1979. Buffles gbà á ní 1980, Lions sì gbà á ní 1984. Ọdún mẹ́ta láìsí líìgì kò lé èrò lọ, torí nígbà tí eré padà, olúkúlùkù rí orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ lára jẹ́ẹ̀sì. Èyí wúlò fún ẹ̀kọ́ tí à ń wá: ẹni tó ń fẹ́ ẹgbẹ́ nítorí pé ti ilẹ̀ rẹ̀ ni kì í tètè kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ní 1984 tí Lions de l'Atacora gba ife, Atacora ni Bassila àti Manigri wà, torí ọdún 1999 ni ìjọba yọ Donga kúrò lára rẹ̀. Lórí ìwé, ife àwọn náà ni. Lónìí, Donga ni wọ́n, Panthères ti Djougou ló sì sún mọ́ wọn jù. Ilé kò ṣí kúrò lójú kan, oko kò ṣí kúrò, kálámù ìjọba ló fún bàbá ní kìnnìún tó sì fún ọmọ ní ẹranko mìíràn. Ní ibi tí ààlà ẹkùn ti ń yí báyìí, tí líìgì fúnra rẹ̀ sì ń já lójijì, ìfẹ́ tí bàbá ń fà lé ọmọ lọ́wọ́ ló ń jìyà. Ní Ìbàdàn, bàbá mú ọmọ lọ sí pápá ìṣeré Adamasingba, ọmọ yẹn náà mú ọmọ tirẹ̀ lọ. Okùn irú bẹ́ẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Bassila.

Ọ̀rọ̀ wá di gbọ́nmi-si-omi-ò-tó láàárín 2010 sí 2018. Ìjà lórí ẹni tí yóò jókòó sórí àga àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà wọ ilé ẹjọ́, ó jáde, ó tún padà wọ̀ ọ́. Sáà 2010–11 kò parí. Sáà 2014–15 kò parí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, FIFA fi òfin de àjọ náà nítorí pé àṣẹ ilé ẹjọ́ kò jẹ́ kí wọ́n dìbò yan aláṣẹ tuntun. Wọ́n tú òfin náà kò pẹ́ sígbà náà, ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ 2018 ni ìdìbò gbé Mathurin de Chacus dé orí àga, tí nǹkan wá fìdí múlẹ̀ díẹ̀. Buffles gba ife ní 2019.

Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin kan tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 2010. Ó dàgbà di ọmọ ọdún méjìdínlógún láàárín gbogbo rúkèrúdò yẹn. Ọjọ́ orí tí ọmọ máa ń yan ẹgbẹ́ tí yóò fẹ́ títí ayé ni. Nígbà tí líìgì ilé fi padà, ọmọ náà ti yan tirẹ̀ tán, Barcelona tàbí Real Madrid tàbí Chelsea. Kò bínú sí líìgì Benin. Kò mọ̀ ọ́n ni. Sáà tó dàrú lè bí ẹni tó ti ń fẹ́ bọ́ọ̀lù nínú, ìyẹn sì ní ìwòsàn. Ohun tó ṣòro láti tún ṣe ni ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ rárá tí ẹlòmíràn ti gbà lọ́wọ́ líìgì.

Ìdádúró 2020 ní tirẹ̀ yàtọ̀. Àrùn kòrónà dé ní oṣù Kẹta, líìgì dúró, kò sì parí. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ìjọba fi ìdènà àrùn yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú gúúsù mìíràn ká, kò sí ọkọ̀ èrò tó lè ti òkè wá wọlé. Buffles ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìdíje àwọn aṣẹ́gun ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí ayé tún ṣí, wọ́n sì pàdé MC Alger ti Algeria níbẹ̀. Ta ni súpọ́tà fẹ́ bá jà lórí èyí? Àrùn kò ní àga, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. England, Faransé, Nàìjíríà, gbogbo wọn ló dúró. Àjálù tó bá gbogbo ayé kì í dójú ti ẹnì kan.

Ìyàtọ̀ láàárín ìjà àti àjálù yìí ni bésíbọ́ọ̀lù fi hàn kedere jù lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1994, àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yanṣẹ́ lódì nítorí pé àwọn tó ni ẹgbẹ́ fẹ́ fi ààlà sí owó oṣù wọn. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Bud Selig, tó ń darí líìgì bésíbọ́ọ̀lù nígbà náà, kéde pé kò ní sí àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní World Series. Ogun àgbáyé méjèèjì kò dí àṣekágbá náà lọ́wọ́. Ìjà owó láàárín àwọn olówó ló dí i. Ìyanṣẹ́lódì náà gba ọjọ́ 232. Nígbà tí wọ́n padà sí pápá ní 1995, iye èrò tó ń wá wo eré kan já wálẹ̀ láti nǹkan bí 31,000 sí nǹkan bí 25,000. Ẹ rántí pé Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí bàbá ti ń mú ọmọ lọ wo bésíbọ́ọ̀lù láti ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìlú tó jẹ nínú ìyà náà jù ni Montreal, ní Kánádà. Expos, ẹgbẹ́ wọn, ti borí nínú eré 74, wọ́n pàdánù 40 péré, kò sẹ́ni tó dára tó wọn ní 1994. Sáà já mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ náà fi àwọn ọmọ tó dára jù sílẹ̀ nítorí owó, èrò ń dín kù lọ́dọọdún, ní 2005 wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Washington pátápátá. Ìdádúró nìkan kọ́ ló pa á, àìlówó àti pápá tí kò dára wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá Montreal sọ̀rọ̀ lórí bésíbọ́ọ̀lù, 1994 ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Kí ló dá èrò padà fún àwọn yòókù? Kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1995, Cal Ripken ti Baltimore pé eré 2,131 tó gbá léra láìfo ọ̀kan, ìyẹn sì bá ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ mu. Ní 1998, Mark McGwire gbá bọ́ọ̀lù 70 sọdá odi pápá, Sammy Sosa gbá 66, gbogbo orílẹ̀-èdè ń kà á. Nígbà tó yá ni aṣọ ya, McGwire fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2010 pé òun lo oògùn agbára. Èmi ò lè sọ pé kì í ṣe jìbìtì. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó gba ọdún púpọ̀ kí iye èrò tó padà sí bó ṣe wà ṣáájú ìyanṣẹ́lódì. Ní 2020 ńkọ́, tí àrùn sọ eré 162 di 60, tí wọ́n ń to àwòrán páálí sórí àga òfìfo? Kò sí irú ìbínú 1994. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, èrò padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Manigri, ká wo ibi tí súpọ́tà sá lọ. Pátákó dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé fídíò, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjì sí i àti aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Inú ilé, bẹ́ǹṣì ni, tẹlifíṣọ̀n wà lókè lára ògiri, ẹ̀rọ amúnáwá wà lẹ́yìn ilé tí ó ń kùn. Ọmọ yóò fi owó sẹ́fà díẹ̀ lé olùdúró ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́, yóò wá àyè. Ohun tó wà lórí pátákó yẹn kò ní gbogbo ẹwà ayé, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí líìgì Benin kò ní fún ọdún púpọ̀: bó bá ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án ni. Ní 2020 tí England dúró ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n padà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, wọ́n gbá a nínú pápá òfìfo títí Liverpool fi gba ife tí wọ́n ti ń wá láti ọgbọ̀n ọdún. Faransé kò padà ní tirẹ̀, wọ́n gbé ife fún PSG. Ẹ lè bínú sí ọ̀nà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wà nínú òkùnkùn.

Àwọn kan máa ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n ló pa bọ́ọ̀lù ilé. N kò gbà. Bí tẹlifíṣọ̀n bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìdíje ìsinmi ìbá ti kú. Ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, tí iṣu tuntun ti jáde, àdúgbò á bá àdúgbò ṣe ìdíje, abúlé á bá abúlé. Òjò ń rọ̀, pápá ń yọ̀, kò sí bẹ́ǹṣì, síbẹ̀ àwọn èèyàn á dúró yí pápá ká bí ẹni wá síbi ọdún. Àwọn ọmọ tó ń kàwé ní Parakou tàbí Kútọnu á padà wá, wọ́n á wọ jẹ́ẹ̀sì àdúgbò ìyá wọn. Ẹni tó wo Champions League lánàá lórí Canal+ ló ń pariwo mọ́ rẹfirí níbẹ̀ lónìí. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ilé wà, ó pọ̀. Ó kàn kúrò lọ́dọ̀ líìgì orílẹ̀-èdè ni, ó lọ sókè lọ bá Yúróòpù, ó sì lọ sísàlẹ̀ lọ bá àdúgbò. Àárín ló ṣófo.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè ni ẹ̀rí tó tóbi jù. Ní 2019, lẹ́yìn gbogbo ọdún rúkèrúdò wọ̀nyẹn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Écureuils nígbà náà, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́, lọ sí ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì. Wọ́n ta ọ̀mì 2–2 pẹ̀lú Gánà, ọ̀mì òdo-sí-òdo pẹ̀lú Guinea-Bissau àti Kamẹrúùnù, wọ́n fi pẹ́nátì lé Mòrókò lọ lẹ́yìn ọ̀mì 1–1, Sẹ̀nẹ̀gà ló wá fi gólù kan yọ wọ́n kúrò. Wọ́n dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ láìborí nínú eré kankan láàárín àkókò eré! Steve Mounié àti Stéphane Sessègnon tí òkìkí wọn kàn jù nínú wọn, ilẹ̀ Yúróòpù ni iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ti gbé orúkọ wọn ga. Líìgì ilé dàrú, orílẹ̀-èdè ń yọ̀. Ìdí rẹ̀ rọrùn: ife Áfíríkà dá ọjọ́, ó sì pa á mọ́. Láti 2022, Guépards ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ní oṣù Kẹwàá 2025, Guépards yìí kan náà wọ ọjọ́ ìkẹyìn ìpegedé ife àgbáyé gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú ìsọ̀rí wọn, wọ́n lọ sí Uyo, Nàìjíríà gbá wọn ní 4–0. Gúúsù Áfíríkà ló gba àyè náà. Mo máa ń rò ó bí alẹ́ ọjọ́ yẹn ti rí fún ọmọ Yorùbá ní Manigri: ẹni tó ń sọ èdè rẹ̀ wà lódìkejì, àsíá rẹ̀ sì wà níhìn-ín. Kò dájú pé ó pín ọkàn rẹ̀ sí méjì rárá. Bọ́ọ̀lù máa ń jẹ́ ká mọ ibi tí a ti ń san owó orí.

Nàìjíríà pàápàá kò bọ́ nínú ọ̀ràn sáà tó já. Ní 2018, wọ́n fòpin sí líìgì láàárín, Lobi Stars ló wà lókè. Ní 2020, wọ́n ṣe ìṣirò, Plateau United ló wà lókè. Nínú gbogbo èyí, ẹ wo Shooting Stars ti Ìbàdàn: wọ́n já sí ìpele kejì ní 2017, wọn kò gòkè padà títí di 2021. Jíjá wálẹ̀ dunni, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn, ó ní ọ̀tá, ó ní ọ̀nà àbọ̀. Súpọ́tà mọ ohun tí yóò máa retí. Mo gbà pé ẹgbẹ́ tó já wálẹ̀ sàn fún olólùfẹ́ rẹ̀ ju ẹgbẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá rò pé òdìkejì ni òótọ́, kó lọ bi àwọn àgbà Adamasingba.

Ṣé súpọ́tà Benin yóò padà nígbà náà? Àwọn tó ti dàgbà, tí wọ́n rántí Dragons àti Buffles, wọ́n ti ń padà díẹ̀díẹ̀ bí líìgì ti ń parí lọ́dọọdún lẹ́yìn 2020. Àwọn tí ìjà 2010 sí 2018 bá lọ́mọdé, púpọ̀ nínú wọn kò ní padà, torí wọn kò sí níbẹ̀ rí. Àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Manigri lónìí ló kù tí a lè jà fún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àjọ bọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ẹ tẹ ètò sáà sórí ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kọmúùnù Bassila àti ilé ìjọba Manigri, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí eré kan bá yẹ̀, ẹ kéde rẹ̀ lórí rédíò àdúgbò ní èdè tí wọ́n ń gbọ́, kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ mú ẹgbẹ́ Panthères wá gbá eré kan ní Bassila lọ́dún, ní àsìkò tí kajú bá ti tà tán. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ sì ń ka èyí, bí wọ́n bá dá ọjọ́ tí wọ́n pa á mọ́, ẹ mú ọmọ yín dání lọ síbẹ̀.